Oṣù méjì tí mo fi wá ìyára lọ sínú kernel

Aago márùn-ún ìdájí ló yẹ kí iṣẹ́ náà ti parí. Àwọn oníṣòwò tó ń lo POS wa máa ń jí bá àkọsílẹ̀ owó wọn lórí fóònù: iye tó wọlé lánàá, iye tí a yọ, iye tó ń lọ sí báǹkì wọn. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 2018, òfìfo ni wọ́n jí bá. Kí n tó fọ ẹnu, ọ̀gá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin.

Èmi ni mo kọ prógíráàmù tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi wá ohun tó ń ṣe é níbi tí kò sí. Mo ń kọ èyí torí mo ṣì ń pàdé àwọn ọmọ tuntun nídìí iṣẹ́ yìí tí èrò orí wọn kò yàtọ̀ sí tèmi ìgbà náà: pé ohun tó bá wà nínú kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló ń sáré, ohun tó bá wà ní user space, ìta níbi tí àwọn prógíráàmù lásán ń gbé, ló ń wọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Lójoojúmọ́, àwọn POS ń da àkọsílẹ̀ sínú fáìlì lórí sáfà tí a háyà, àpapọ̀ wọn sì ti tó 12 GB nígbà yẹn. Tó bá di aago mẹ́ta òru, prógíráàmù mi á ṣí àwọn fáìlì náà, á kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á yọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, iye owó àti àkókò, á ṣírò owó iṣẹ́ tiwa, á sì kọ àbájáde sínú fáìlì mìíràn. Èdè C ni mo fi kọ ọ́, mo sì máa ń fi yangàn láàárín àwọn tó ń lo Python. Ohun tí mi ò lè fi yangàn ni ìlà kan báyìí tó wà ní àárín rẹ̀:

read(fd, &c, 1)

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ìwọ kernel, bá mi mú báìtì kan wá, bíi lẹ́tà kan péré. Màá gbà á, màá wò ó bóyá òpin ìlà ni, màá tún padà lọ tọrọ òmíràn. Ọdún 2016 ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan kò tó 300 MB. Ó ń ṣiṣẹ́. Ta ní máa ń padà lọ wo ohun tó ń ṣiṣẹ́?

Nígbà tí ọdún 2017 fi ń parí, ó ti ń gba bíi wákàtí kan. Ìyẹn náà kò dun ẹnikẹ́ni, torí aago mẹ́ta sí mẹ́rin òru ni, gbogbo ayé ń sùn.

Lẹ́yìn náà ni Meltdown dé, àléébù ààbò kan nínú CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ. Ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2018 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún aráyé. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀rọ ṣe pín ilé rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. CPU kì í jẹ́ kí gbogbo prógíráàmù ṣe bó ṣe wù ú. Tèmi, tiyín, bíráwúsà, ipò tó ń jẹ́ ring 3 ni gbogbo wọn wà, wọn kò lè fọwọ́ kan dísíkì tàbí káàdì nẹ́tíwọ̀kì fúnra wọn. Kernel nìkan ló wà ní ring 0, òun ló ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Tí prógíráàmù bá fẹ́ nǹkan, yóò kan ilẹ̀kùn. Kíkàn yẹn là ń pè ní system call. Nígbà kan rí, àwòrán mẹ́mọ́rì kernel máa ń wà nínú ìwé àdírẹ́sì prógíráàmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn tì í pa ni, kí ìwọlé lè yá. Meltdown fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ CPU Intel, ẹni tó bá gbọ́n lè yọjú gba ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn ka ohun tó wà nínú. Ohun tí àwọn tó ń ṣe Linux ṣe ni KPTI, tó wọlé pẹ̀lú 4.15: wọ́n yọ àwòrán kernel kúrò nínú ìwé àdírẹ́sì àwọn prógíráàmù, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Láti ìgbà náà, tí o bá ń wọlé, CPU á pààrọ̀ ìwé. Tí o bá ń jáde, á tún un pààrọ̀. Tí CPU bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní PCID, ìpààrọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Tí kò bá ní i, gbogbo àdírẹ́sì tó ti há sórí ni yóò gbàgbé nígbà kọ̀ọ̀kan.

Mo wo /proc/cpuinfo, fáìlì tó ń sọ ohun tí CPU ní, lórí sáfà wa. Kò sí pcid níbẹ̀.

A fi kernel tuntun sí i lọ́sẹ̀ kejì oṣù kejì. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan di wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Aago márùn-ún kọjá, fáìlì kò tíì pé, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dá kernel tuntun lẹ́bi. Mo rí i kà pé tí èèyàn bá kọ nopti sí ìlà tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdáàbòbò náà á kúrò. Mo kọ ọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, iṣẹ́ padà sí wákàtí kan. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti tún un ṣe. Mi ò sọ ohun tí mo fi tún un ṣe. Ọjọ́ 11 ni sáfà tó ń gbé àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn fi wà ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn tó ń yẹ ààbò ẹ̀rọ wò ń bọ̀ ni mo sáré yọ ọ́. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ́n orí mi wá dé. Mo ní, tó bá jẹ́ pé kernel ló yára, kí ló dé tí èmi náà kò gbé iṣẹ́ mi wọ inú kernel?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó bá ọgbọ́n mu lójú mi. Mo ti gbọ́ ọ káàkiri pé wọ́n máa ń gbé nǹkan wọ kernel kí ó lè yá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irọ́. Lọ́dún 1996 ni Windows NT 4.0 kó iṣẹ́ yíya àwòrán ojú fèrèsé wọ inú kernel. Nígbà Linux 2.4, sáfà wẹ́ẹ̀bù kan wà tó ń jẹ́ khttpd tó ń gbé inú kernel gan-an. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ohun tí mi ò bèèrè ni ìdí tó fi yá, àti ìdí tí wọ́n fi yọ khttpd kúrò nígbà tó yá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ module, kóòdù tí a lè so mọ́ kernel. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá ti kọ́ C ní user space, ẹ má rò pé ẹ ti mọ C ti ibẹ̀. Kò sí printf, kò sí malloc tí mo mọ̀, kò sí fopen. Ọjọ́ kìíní pàá ni compiler, tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, kọ iṣẹ́ mi, ó ní òun kò gba nọ́ńbà onídẹ́símà. Kernel kì í lo apá CPU tó ń ṣírò ìdá nọ́ńbà báyìí ṣáá, torí ẹrù prógíráàmù ló wà nínú rẹ̀, tó bá fẹ́ lò ó àfi kó kọ́kọ́ kó ẹrù náà pamọ́. Bẹ́ẹ̀, double, nọ́ńbà onídẹ́símà ti C, ni mo fi ń ṣírò owó iṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di kọ́bọ̀, nọ́ńbà gidi, kò sí ìdá mọ́. Èrè kan ṣoṣo tí mo rí nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà nìyẹn, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi double ka owó olówó tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí module náà dìde, mo dán an wò pẹ̀lú fáìlì 1 GB lórí ẹ̀rọ ìdánwò tó jọ sáfà wa. Prógíráàmù mi àtijọ́ gba ìṣẹ́jú 11 àti díẹ̀. Module náà gbà tó ìṣẹ́jú 2. Mo fò sókè lórí àga. Mo pe ọ̀gá mi wá wò ó. Báìtì kọ̀ọ̀kan náà ló ṣì ń kà o, kóòdù mi ni mo kàn gbé láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìdánwò náà tọ̀nà, nọ́ńbà rẹ̀ kò purọ́, ìtumọ̀ tí mo fún un ló ṣìnà pátápátá. Àṣìṣe tí nọ́ńbà ń gbè lẹ́yìn ló nira jù láti fi sílẹ̀.

Òru tí a gbé e wọ sáfà gidi, ó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ̀rọ bá kú. Kì í ṣe prógíráàmù ló kú o, ẹ̀rọ odindi ni: dátábéèsì, SSH tí a fi ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo rẹ̀. Àwọn POS tó wà níta lálẹ́ yẹn, ní ilé epo, ní ilé oúnjẹ, ìdáhùn kò dé bá wọn mọ́.

Ohun tó pa á ni àyè 12,000 báìtì tí mo yà sọ́tọ̀ fún ìlà kan, lórí stack, àyè ìgbà díẹ̀ tí àwọn iṣẹ́ tó ń pe ara wọn ń lò. Ní user space, MB 8 ni stack lórí Linux bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, 12,000 báìtì kò tó nǹkan níbẹ̀. Nínú kernel ti x86-64, KB 16 ni gbogbo rẹ̀, èmi àti gbogbo ẹni tó bá pè mí la jọ ń pín in. Lórí ẹ̀rọ ìdánwò, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ṣì tó àwọn iṣẹ́ tí mo ń pè, ìdí nìyẹn tí ìdánwò fi yege. Ìgbà tí àwọn iṣẹ́ tó ń pe ara wọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ya wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Compiler ti kìlọ̀ fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ́ module náà ló ń sọ pé àyè tí mo yà ju 2048 báìtì lọ. Mo rò pé ìmọ̀ràn ni.

Ká ní user space ni, prógíráàmù mi nìkan ni ìbá ṣubú, kernel á gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, dátábéèsì kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú. Mo máa ń ronú sí i báyìí pé ohun tí a ń san ní ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, owó ààbò ni.

Mo tún un ṣe, mo fi àyè náà síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ kejì lórí ẹ̀rọ ìdánwò, lúùpù mi kò dúró, mo kọ kill, mo kọ kill -9, àwọn àṣẹ tí a fi ń pa prógíráàmù, kò gbọ́. Kò lè gbọ́. Inú kernel ló wà, àfi kí kóòdù fúnra rẹ̀ máa bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń pe òun. Mo pa ẹ̀rọ náà láti ojú ewé àwọn tó háyà rẹ̀ fún wa, mo jókòó, mo ń wo ògiri.

Ìgbà yẹn ni mo pe Ìyá Ìbejì. Bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn, ẹ̀gbọ́n tó ti bá wa ṣiṣẹ́ rí, tó ti ń tọ́jú sáfà kí n tó wọ yunifásítì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán mà. Mo gbé nǹkan kan wọ kernel, ó sì ń dà mí láàmú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kí ló gbé e débẹ̀?"

"Kernel yára ju user space lọ ni, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Mo ronú. Mi ò rántí ẹnì kan pàtó.

"CPU mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ yín?"

"Mẹ́rin, mà."

"Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti kernel, èwo ni tiwa?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ lúùpù kan tó kàn ń ṣírò, tí kò ní tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n fi sínú module, kí n fi sínú prógíráàmù lásán, kí n kọ́ méjèèjì pẹ̀lú -O2, tó ń ní kí compiler mú kóòdù yára, kí n wo aago. Lúùpù bílíọ̀nù kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 àti díẹ̀ nínú kernel, ìṣẹ́jú-àáyá 3 àti díẹ̀ níta. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ohun tí ìgbà kan fi ń yàtọ̀ sí ìgbà kejì lọ.

Nígbà tí mo pè é padà, ó ní, "Ó dáa. Ní báyìí, fi time síwájú prógíráàmù ẹ àtijọ́, kí o ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe ti òkè nìkan."

Ọdún mélòó ni mo ti ń lo time, àṣẹ tó ń ka àkókò tí prógíráàmù lò? Ìlà real nìkan ni mo máa ń wò. Mo kà á fún un: real (gbogbo àkókò), ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, user (ti ìta), ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, sys (ti inú kernel), ó lé ní ìṣẹ́jú 10.

"Nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá," ó ní, "inú kernel ni prógíráàmù ẹ ti lo mẹ́wàá. O tún wá ń wá bó ṣe máa wọ kernel. Kí ló ń lọ tọrọ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Fi strace -c kà á."

Àṣìṣe mìíràn tún rèé. Dípò kí n fi fáìlì kékeré dán an wò, iṣẹ́ gidi ti aago mẹ́ta òru ni mo so strace, irinṣẹ́ tó ń ka system call prógíráàmù, mọ́. Strace máa ń dá prógíráàmù dúró nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde, ní gbogbo system call. Ẹni tó ń ṣe bílíọ̀nù méjìlá irú rẹ̀, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó di aago mẹ́rin, kò tíì rìn jìnnà tó ohun tó máa ń rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo pa á, mo tún un bẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣòwò rí àkọsílẹ̀ wọn ní aago méje kọjá. Ìyá Ìbejì ní, "Àbúrò mi, ẹni tó ń mí gúlegúle lo tún di imú mú pé o fẹ́ ka èémí rẹ̀." Tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ tí ẹ sì fẹ́ yọjú wò ó, perf ni kí ẹ lò, òun kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Mo gé MB 1 péré, mo fi laptop mi kà á. Mo ṣì rántí nọ́ńbà náà. Read: 1,048,578.

Fáìlì náà jẹ́ báìtì 1,048,576. Nínú méjì tó lé, ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi ka orí libc, àkójọ iṣẹ́ tí prógíráàmù C ń lò, nígbà tí prógíráàmù ń dìde, èkejì ni èyí tí kernel fi dá mi lóhùn pé ó ti tán. Gbogbo ìyókù, báìtì kan, ìrìn àjò kan.

Àbúrò ìyá mi kan ń ná Dantokpa ní Kútọnu, Ṣẹ̀mẹ̀ ló ń gbà kọjá. Mi ò rí ọjọ́ tó ra aṣọ ẹyọ kan, tó gbé e kọjá bodè, tó sọ ọ́ kalẹ̀, tó tún padà lọ ra èkejì. Oníbodè kò bèèrè bóyá ẹyọ kan lo gbé tàbí ìdì ogún: ìdúró kan náà ni, àlàyé kan náà. KPTI dà bí ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì tún bọ́ ọ kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Èmi ń kọjá lẹ́ẹ̀kan fún òwú kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí module mi fi yára náà nìyẹn: inú bodè ló ń gbé, kò kọjá níbì kankan. CPU kò sáré fún un jù bó ṣe ń sáré fún èmi lọ.

Mo yí ìlà náà padà kí ó máa tọrọ 65,536 báìtì lẹ́ẹ̀kan, kí ó kó o sínú bọ́fà, àyè ìpamọ́ nínú mẹ́mọ́rì, kí prógíráàmù máa mú báìtì kọ̀ọ̀kan nínú bọ́fà tirẹ̀ láìlọ síbì kankan. Kò ju ogún ìlà kóòdù lọ. Mo tún strace rẹ̀. Read: 18. Mẹ́rìndínlógún fún fáìlì, pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́ yẹn.

Mo ṣe bákan náà sí ibi tí ó ti ń kọ àbájáde, torí write mẹ́fà ni mo ń ṣe fún ìlà kan, ọ̀kan fún nọ́ńbà, ọ̀kan fún kọ́mà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì 1 GB tó gba ìṣẹ́jú 11 ní user space, tí ó gba ìṣẹ́jú 2 nínú kernel, wá gba ìṣẹ́jú-àáyá 18 ní user space. Mo wo nọ́ńbà náà, mo wo fódà module tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ. Inú mi kò dùn bí ẹ ṣe máa rò. Ó dà bí ẹni tó wá bàtà rẹ̀ káàkiri àdúgbò tó sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ṣe àṣejù, bó ṣe máa ń rí. Mo ní bí read bá jẹ́ ẹnubodè, kí n má ṣe read kankan mọ́. Mo lo mmap, tó máa ń jẹ́ kí fáìlì dà bíi pé ó ti wà nínú mẹ́mọ́rì prógíráàmù. Strace kò rí read kankan fún fáìlì náà mọ́, mo yọ̀. Àṣé bodè mìíràn wà tí kò ní pátákó: ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá fọwọ́ kan ojú ewé tí kò tíì sí nílé, CPU á fà á lọ bá kernel kó lọ mú un wá. 4096 báìtì ni ojú ewé kan, 12 GB sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ojú ewé. Kernel gbìyànjú, ó máa ń mú àwọn aládùúgbò ojú ewé náà dání lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí mo wo aago, kò sàn ju bọ́fà lọ. Mo pa á rẹ́.

Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 18 yẹn, sys ṣì mú 8. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu, torí lórí laptop mi kò sí nǹkan kan tó kù tí strace ń kà. Perf lórí ẹ̀rọ ìdánwò ló fi í hàn: aago ni. Mo ń bèèrè àkókò nígbà méjì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti nígbà tí mo bá parí rẹ̀, kí n lè mọ ìlà tó ń pẹ́. Lórí laptop, clock_gettime, ìpè tí mo fi ń bèèrè àkókò, kì í wọ kernel rárá. Kernel ti lẹ aago mọ́ ara ògiri níta, nínú ohun tó ń jẹ́ vDSO, ẹni tó bá fẹ́ mọ àkókò á kàn gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń ṣiṣẹ́ tí orísun aago ẹ̀rọ bá jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè kà láti ìta. Mo wo /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource. Ti laptop, tsc. Ti ẹ̀rọ tí a háyà, xen, àti lórí kernel tí a ń lò nígbà yẹn, àfi kí èèyàn wọlé lọ bèèrè. Kóòdù kan náà, ìlà kan náà, ibì kan kò sanwó, ibì kejì ń san owó bodè lẹ́ẹ̀mejì fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó máa bèèrè àkókò lẹ́ẹ̀kan fún 10,000 ìlà.

Bọ́fà náà ní owó tirẹ̀, mo sì san án. Lóṣù karùn-ún, ẹnì kan tún sáfà tàn ní òru láìbèèrè. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí prógíráàmù mi bá ti kọ ti wà lọ́wọ́ kernel, bí prógíráàmù bá kú, kernel á parí rẹ̀. Báyìí, tó 64 KB àbájáde lè wà nínú bọ́fà mi, tí kernel kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Prógíráàmù kú, bọ́fà bá a kú. Fáìlì àbájáde dúró ní àárín nọ́ńbà kan, ó kọ 45 níbi tó yẹ kó kọ 45000, prógíráàmù tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò tó rí kọ́bọ̀ 45. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ìgbà díẹ̀ ni mo ń fún fáìlì náà nígbà tí mo bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Tó bá parí, màá da bọ́fà jáde, màá kọ iye ìlà sí ìsàlẹ̀, màá ṣe fsync, kí kernel rí i pé gbogbo rẹ̀ ti dé dísíkì, kí n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí èyí tí àwọn yòókù ń wá. Fsync náà ń wọ kernel o, ó sì ń pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóru ni.

Mo tún wá rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé bodè yìí kan náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń sá fún, kálukú sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn kan kó kóòdù wọn wọ inú, bíi WireGuard, ètò VPN kan tó wọ Linux 5.6 ní 2020, tí ẹrù dátà tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì kọjá kò fi ní máa jáde lọ bá prógíráàmù kan níta kó tó tún padà wọlé. Àwọn tó ń lo DPDK ṣe òdì kejì rẹ̀: wọ́n gbé káàdì nẹ́tíwọ̀kì jáde síta fún prógíráàmù, kernel kò sí láàárín mọ́. Tó bá jẹ́ pé inú kernel ló yára ní ti gidi, àwọn wọ̀nyí ìbá ti ya wèrè. Io_uring, tó dé pẹ̀lú 5.1 ní 2019, kò kó lọ kò kó bọ̀. Ó gbé àpótí méjì sí ẹnu bodè, ìbéèrè nínú ọ̀kan, ìdáhùn nínú èkejì, kí a lè kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó wà ní 2018, mo mọ ara mi, òun ni mi ò bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ dípò kí n yí ìlà kan padà.

Òru àkọ́kọ́ tí èyí tó kẹ́yìn wọ sáfà gidi, pẹ̀lú KPTI rẹ̀ lódindi, mo jókòó tì í ní ilé, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún. Aago mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó parí. Mo rò pé ó ti ṣubú ni. Mo ṣí fáìlì náà, mo ka iye ìlà ìsàlẹ̀, ó pé. Mo fi àwòrán time ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì, láìrò pé aago mẹ́ta òru ni.

Aago mẹ́fà ló dáhùn. "Sys ṣì ku ìṣẹ́jú-àáyá 9. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Mi ò tíì wò ó títí dòní.